Ìwé ìwáṣẹ́ 143, íntàfíù 6, iṣẹ́ kankan kò jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àpáta ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo gba HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ní ọdún 2023. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìwé owó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta mínírà ní kéréètì kéréètì. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, mo ti fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ síbi 143. Gbogbo wọn ló wà nínú ìwé kan tí mo ń kọ wọ́n sí. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ti pè mí fún íntàfíù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé ìpele kejì. Bí wọ́n bá ti ní kí n sọ nípa ara mi, ẹnu mi á gbẹ. Màá dárúkọ ara mi, màá dárúkọ ilé ìwé mi, ó parí. Àbúrò dádì mi wá ní òun mọ ẹnì kan ní Àbújá tó lè bá mi wá iṣẹ́ ìjọba tí a bá lè rí ₦250,000. Mọ́mì mi ti fẹ́ lọ kó àjọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ṣé ká san owó yẹn? (Ọmọ Aláṣọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má san owó yẹn. Ẹ jẹ́ kí mọ́mì fi àjọ wọn ra aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà.

Mi ò ní àbúrò dádì rẹ ń purọ́ o. Ó ṣeé ṣe kí òun náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: oní-gbájúẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ wá bá ọ, ẹnu ẹni tí o fọkàn tán ló máa ń gbà wọlé. Ká tiẹ̀ wá ní iṣẹ́ náà jáde lóòótọ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lo fi gbà á. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ lónìí lè tún béèrè òmíràn lọ́la, kò sì sí àgọ́ ọlọ́pàá tí o lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Aṣojú tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ wà lóòótọ́, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn nínú wọn, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba owó wọn.

Owó táṣẹ́rẹ́ pàápàá, fura sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wá ní kí gbogbo wọn wá ṣèdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Àyè tó wà kò tó 5,000. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna. ₦1,000 tiwọn ti wọ àpò ẹlòmíì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Ó yá, ká bọ́ sí ohun tí o béèrè gan-an. Ìwé tí o ń kọ àwọn ibi 143 yẹn sí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju CV rẹ lọ, nítorí ó ti dáhùn ìdajì ìbéèrè rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ kì í tú ẹ́ńjìnnì kó tó bi ọ́ pé, "Nígbà tí o yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ó dún?" Ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ síbi 143 tí ẹnikẹ́ni kò pè, CV rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, àbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò bá a mu ló ń lé. Ìwọ, wọ́n pè ọ́ níbi mẹ́fà, ìyẹn bí i mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dún. Ìgbà tí o bá jókòó síwájú wọn ló ń kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù.

Ẹnu rẹ kò gbẹ nítorí pé o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì rí ni pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa lẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ jù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọ pé ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ kò gbayì. O se ọbẹ̀ tó dùn: "Mọ́mì ló kọ́ mi." O gbapò kìn-ín-ní: "Ọlọ́run ló ṣe é." Wọ́n kí ọ kú iṣẹ́: "A dúpẹ́." Ìwọ nìkan lo ṣe é, àmọ́ "a" ló jáde lẹ́nu rẹ. Oríkì wà nílẹ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń ki ni. Kò sẹ́ni tó ń dìde láàárín agbo kó máa ki ara rẹ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ yìí kan náà síwájú àwọn mẹ́ta tí kò rí rí, nínú yàrá tí éásì ti mú bí òtútù ọyẹ́, wọ́n ní kó máa ki ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni ẹnu rẹ̀ kò ní gbẹ?

Jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún ọ. Ó wá fún iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ó gbé àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ. A bi í pé kó sọ ìgbà kan tí ọjà dín lọ́wọ́ wọn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "A ṣe àyẹ̀wò, a rí ibi tó ti ń jò, a sì yanjú ẹ̀." A dúró pé bóyá ó ṣì ń bọ̀. Ó ti parí. Ẹni tó jókòó tì mí kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò dá òun lójú, a sì kọjá sórí ìbéèrè mìíràn.

Èmi ni mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bí a ṣe ń lọ, mo fi Yorùbá bi í pé, "Ọjà tó dín yẹn, báwo lẹ ṣe wá mú un?" Ojú ọmọ náà là. Ó ní òun nìkan lòun sun sítọ́ọ̀ fún òru méjì. Ó ní nígbà tí òun ka kátọ́ọ̀nù láti ìta, ó pé. Òun wá ti ọwọ́ bọ àárín, ó ṣófo. Àwọn tó ń já ẹrù ń to kátọ́ọ̀nù yípo, wọ́n ń fi àárín sílẹ̀ lófìfo bí ilé adìyẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gun àkàbà kó tó ka ohunkóhun. Mo dúró. Mo ní kí ló dé tí kò sọ èyí nínú yàrá. Ó ní, "Àgbàlagbà lẹ jẹ́, mà. Mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń fọ́nnu." Fọ́ọ̀mù ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíì ni wọ́n gbà, ẹni náà kò sì pé oṣù mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé kó má ronú oríkì nígbà tó bá jókòó síbẹ̀. Kó ronú ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kì í yin ara rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ló ń sọ, ó ń sọ iye tó jẹ́, ó ń sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní "mo wà níbẹ̀" níwájú adájọ́ kò fọ́nnu. Bí o bá sì ní "a" níbi tó yẹ kó jẹ́ "mo", ẹ̀rí rẹ ti dàrú nìyẹn, torí àwọn tó jókòó síwájú rẹ kò fẹ́ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín síṣẹ́, ìwọ nìkan ni wọ́n pè.

Ká wá mú tìrẹ. Nígbà tí mo kọ̀wé padà tí mo bi ọ́ ní ohun tí o ń ṣe gan-an níbi iṣẹ́ yẹn, o kọ́kọ́ dáhùn pé, "Mo máa ń kọ ìwé owó, mo sì máa ń ran ọ̀gá mi lọ́wọ́." Ohun tí o sọ ní íntàfíù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn, àbí? Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n má bínú, lo wá mẹ́nu ba ìwé àwìn. Mo ti ṣe ẹjọ́ rẹ jọ báyìí, láìfi ohunkóhun kún un:

"Oníbàárà bí ogójì ló ń ra mínírà lọ́dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń rà á láwìn. Nígbà tí mo débẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo àwìn sí, ọjọ́ lé ọjọ́, tó fi jẹ́ pé bí oníbàárà bá ní òun ti san, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Gbèsè tó wà níta jẹ́ ₦640,000. Ọ̀gá mi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sórí Excel, mo sì ń fi iye tó kù lọ́rùn wọn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àwọn méjì bínú, wọ́n ní mò ń dójú ti àwọn. Mo gbé ìwé náà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn, a jọ kà á láti òkè délẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè náà ti wálẹ̀ sí ₦210,000."

Kà á sókè, kò ní gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Oríkèé mẹ́rin ló ní: bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí o débẹ̀, ohun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, ohun tí o ṣe, ibi tó já sí. Oríkèé kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pẹ́, wọ́n á ṣàlàyé ìtàn iléeṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á wá fo ìkẹta kọjá. Ìkẹta yẹn gan-an la wá gbọ́. Má sì yọ àwọn méjì tó bínú kúrò. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ ti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, torí kò sí ẹni tó gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà rí tí ẹnikẹ́ni kò bínú sí.

Mẹ́fà irú ìtàn báyìí tó fún ọ. Má lọ máa há ọgọ́ta ìdáhùn sórí. Wá èyí tí o ti ṣàṣìṣe, èyí tí ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti jà, èyí tí o ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán ọ, èyí tí o ti kọ́ nǹkan tuntun lọ́jọ́ díẹ̀, èyí tí àkókò ti há, àti ọ̀kan láti ìgbà agùnbánirọ̀. Ìtàn àwìn yìí nìkan lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún: ti oníbàárà tó ń bínú, ti Excel, ti iṣẹ́ tí o fi ń yangàn, ti ìgbà tí nǹkan dàrú, àti "kí ló dé tí ká fi gbà ọ́?"

Bí o ṣe máa fi ṣe ìfidánrawò rèé. Sọ ọ́ fún mọ́mì rẹ ní Yorùbá kọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní, "Ẹn-ẹn, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ó ti dára nìyẹn. Bí wọ́n bá ń wo aṣọ wọn, gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrù. Lẹ́yìn náà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, sókè, kí o gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí o sì gbọ́ ara rẹ. Kò ní dùn mọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ kò nílò kó gùn. Gbólóhùn kúkúrú tó ní iye owó nínú sàn ju èyí tí o ń wá ọ̀rọ̀ ńlá fún. Má há a sórí lẹ́yọ lẹ́yọ, torí bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ lára àkọ́sórí, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Tí wọ́n bá wá ní kí o sọ nípa ara rẹ, orúkọ rẹ ti wà lórí tábìlì níwájú wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí o ń ṣe lọ́wọ́, fi ìtàn àwìn yẹn ṣe ẹ̀rí ní gbólóhùn méjì, mẹ́nu ba póólì tí o lọ, kí o sì fi ìdí tí iṣẹ́ wọn gan-an fi wù ọ́ parí rẹ̀. Kí wọ́n tó pè ọ́ wọlé, o ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń tà, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn, àti ẹni tó ń bá wọn du ọjà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá láì mọ èyí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu.

Ìbéèrè nípa ibi tí o ti kù díẹ̀ káàtó máa wá. Èmi náà jìn sí kòtò rẹ̀ ní ọdún 2005. Íntàfíù mi àkọ́kọ́, ní Èkó, wọ́n bi mí ní ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó, mo ní, "Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù." Bàbá kan tó jókòó láàárín wọn rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àwọn tó ti wọlé láàárọ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, àfi òun nìkan ni ọ̀lẹ tó wà nínú ilé náà. Mi ò rí iṣẹ́ náà gbà. Sọ òótọ́ kan tí o ti ń tún ṣe: bóyá o kì í tètè béèrè ìrànlọ́wọ́, o wá ti ń fi dandan béèrè kí ọjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń wáṣẹ́ ìṣirò owó, má lọ sọ pé iye máa ń dàrú mọ́ ọ lójú o.

Àwọn kan á bi ọ́ bóyá o ti fẹ́ ṣègbéyàwó, tàbí ìgbà wo lo fẹ́ bímọ. Kò yẹ kí wọ́n béèrè. Wọ́n máa béèrè. "Mo ti ṣètò ara mi kí n lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa" ti tó, pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o sì dákẹ́.

Nípa ìkíni, ẹ̀kọ́ ilé tún ń bá wa jà níbẹ̀. Má kúnlẹ̀. Tẹrí ba díẹ̀, kí wọn, dúró kí wọ́n ní kí o jókòó. Wíwo àgbà lójú jẹ́ àfojúdi nílé wa, àmọ́ nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń wo ilẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Bí ojú wọn bá ń dẹ́rù bà ọ́, máa wo àárín ojú wọn méjèèjì; kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ìbéèrè bá le, sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí o rò ó díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò pa ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí wọ́n bá ní bóyá o ní ìbéèrè, má sọ pé "rárá, mà". Bi wọ́n pé, "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí lẹ máa rí tí ẹ fi máa mọ̀ pé ẹni tí ẹ gbà ń ṣe dáadáa?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, torí ìdáhùn rẹ̀ máa ń sọ fún ọ bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbani sí.

CV rẹ, ojú ìwé méjì ti tó. Yọ ẹ̀sìn rẹ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ kúrò, àfi tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, torí wọ́n máa ń béèrè ìlú ẹni níbẹ̀. Tú àpótí àti ọ̀wọ́n (column) méjì tí o fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ká, nítorí iléeṣẹ́ ńlá máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ inú àpótí sì máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, níbi tí o kọ "mo ń ran ọ̀gá lọ́wọ́" sí, kọ gbèsè ₦640,000 tó di ₦210,000 láàárín oṣù mẹ́ta. Ìlà kan yẹn nìkan máa mú kí àwọn tó ń pè ọ́ pọ̀ sí i. Tí o bá lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn olùṣirò owó, kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá ti forúkọ sílẹ̀, má dúró dìgbà tí o bá parí rẹ̀. Ti ìdánwò ìṣirò àti òye èdè tí àwọn báńkì máa ń ṣe, aago ló ń bá ènìyàn jà níbẹ̀: gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, fi ìṣẹ́jú kan sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó ku ibi tí o ti ń wá a. Nínú ìwé rẹ, 131 nínú 143 ló jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rí wọn. Mi ò bú wọn. Láti ìgbà tí Jobberman, ìkànnì ìwáṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba ibẹ̀ ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni gbogbo ayé wà. Ní ọdún 1973, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ọwọ́ ẹlòmíì gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí i 17 péré ló jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sọ fún wọn. Àwọn bí i 56 gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn bí i 28 gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí rárá. Ní ọdún 2022, àwọn mìíràn tún fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ogún mílíọ̀nù ènìyàn lórí LinkedIn wò ó, ó sì fara jọ bẹ́ẹ̀: ojúlùmọ̀ tí kò sún mọ́ ọ jù ló wúlò jù. Bí o bá rò ó, kò ṣòroó mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ló ń gbọ́ ohun tí ìwọ kò gbọ́.

Ìwọ ní irú wọn, o kàn ò kà wọ́n sí ni. Ẹni tó ń wá láti iléeṣẹ́ mínírà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá gba ọ́dà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ sin ilẹ̀ bàbá yín? Olùṣirò owó tó máa ń wá yẹ ìwé ọ̀gá rẹ wò lópin ọdún? Àwọn ìyá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mọ́mì rẹ, tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Olúyọ̀lé? Má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó bá ọ wáṣẹ́. Ẹni tí o bá di ẹrù náà lé lórí máa sá fún ìpè rẹ ni. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀. Irú èyí ni kí o fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí ìwé ọjà yín ní ṣọ́ọ̀bù Àpáta. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín: ní iléeṣẹ́ yín, ta ló ń gba àwọn tó ń kọ ìwé owó síṣẹ́, kí ni wọ́n sì sábà máa ń wò lára ẹni? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́, ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì lọ́sẹ̀, kí o sì dín àwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kù sí márùn-ún tí o kọ ìwé wọn dáadáa, tí CV kọ̀ọ̀kan sì bá iṣẹ́ tó ń lọ bá mu.

Bí íntàfíù bá jẹ́ ti Èkó láago mẹ́sàn-án, má gbéra ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà máa gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀, ọ̀nà márosẹ̀ sì lè gba ìdajì ọjọ́ bí tírélà kan bá ṣubú. Lọ sùn sọ́dọ̀ ẹbí. Bó bá jẹ́ ti Zoom, má gbẹ́kẹ̀ lé NEPA: fi iná sí fóònù àti páwà bánkì láti alẹ́ àná, ra dátà sórí síìmù méjì, to agolo mílíìkì jọ kí fóònù lè dé ọ̀gangan ojú rẹ, kí o sì bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìpè bá sì wá láti ibi tí o ò kọ̀wé sí, tí wọn ò dárúkọ iléeṣẹ́ wọn, tàbí tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹnì kan ni wọ́n ní kí o wá, má lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọmọbìnrin kan ní Uyo sọ lórí Twitter pé òun ń wáṣẹ́. Ẹni tó pè é fún íntàfíù ló pa á. Kò sí iléeṣẹ́ gidi tó máa bínú nítorí pé o ní kí wọ́n fi àdírẹ́sì wọn ránṣẹ́, tàbí pé o kọ̀ láti fún wọn ní BVN rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́.

Owó oṣù: béèrè lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ yẹn ohun tí irú iṣẹ́ náà ń san, kí o má bàa sọ iye láti ojú òfìfo. ₦70,000 ni òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù láti oṣù Keje ọdún 2024, nítorí náà mọ ilẹ̀ tí o dúró lé. Bí wọ́n bá dárúkọ iye kan, bi wọ́n bóyá ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún 8 tí wọ́n ń yọ lára tìrẹ. Bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án, kí o sì wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Kí o tó kọ orúkọ ọ̀gá rẹ sílẹ̀ bí ẹni tó lè jẹ́rìí rẹ, sọ fún un kọ́kọ́. Fi ìtàn àwìn náà hàn án, kí ohun tí òun máa sọ lórí fóònù má ta ko tìrẹ.

Ohun kan ṣì kù. Nínú ìwé kejì tí o kọ sí mi, o fi ìlà kan mẹ́nu bà á pé kéréètì òfìfo tó ń padà wálé kò bá iye tó jáde mu, àti pé o bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra rẹ kí awakọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. O wá dákẹ́ síbẹ̀. Kọ ìyẹn náà bí mo ṣe kọ ti àwìn, oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣé awakọ̀ náà ló ń tà á lójú ọ̀nà ni, àbí ẹlòmíì?